Jero àti Àwọn Oníbàárà Rẹ̀

Kò sí ọmọ ìjọ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ ọ rí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ọjọ́ ìkórè ni à ń sọ ọ́ jù, nígbà tí àwo ọrẹ bá ń ti ìjókòó kan bọ́ sí èkejì. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Àlùfáà ní láti jẹun, òrùlé ilé ìjọsìn a máa jò, ọmọ òrukàn sì ń wá ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́. Orin nìkan kò lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí owó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́, ó tọ́ kí a béèrè ẹni tí ó gùn ún, kí a sì béèrè ibi tí ó ń lọ. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé síwájú eré kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kà tẹ̀ríntẹ̀rín, láìkíyèsí pé àwọn tí eré náà ń bá wí pọ̀ ju ẹnì kan ṣoṣo tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é lọ.

Eré náà ni The Trials of Brother Jero, tí Wọlé Ṣóyínká kọ. Ìbàdàn ni a ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1960. A sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òǹkọ̀wé náà fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n etíkun Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ìmọ̀ Yorùbá kò ní láti tọrọ gáfárà kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n rán àwọn tí wọ́n ti kà á tipẹ́ létí bí ìtàn náà ti lọ. Jero jẹ́ wòlíì etíkun. Ó ran ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ láti gba ilẹ̀ níbi tí àwọn wòlíì ti ń du ilẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni ó lé ọ̀gá rẹ̀ kúrò, tí ó sì gba ilẹ̀ náà fún ara rẹ̀. Ó ra ẹ̀wù àwọ̀lékè kan láwìn lọ́wọ́ Àmọ̀pé, obìnrin oníṣòwò, kò sì san owó rẹ̀. Chume, ọkọ Àmọ̀pé, jẹ́ mẹ́sẹ́njà ìjọba, ó sì tún jẹ́ ọmọlẹ́yìn Jero. Ohun kan ṣoṣo ni Chume ń tọrọ lọ́dọ̀ wòlíì rẹ̀: kí ó gba òun láàyè láti na ìyàwó òun. Wòlíì kọ̀ fún un títí di ọjọ́ tí ó mọ̀ pé ìyàwó Chume ni olówó òun. Nígbà tí Chume wá lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó gbé àdá. Jero sì pinnu láti mú kí a gbé e lọ sí ilé àwọn aṣiwèrè. Bí eré náà ti ń parí lọ, aṣòfin kan tí ó fẹ́ di mínísítà wólẹ̀ níwájú Jero, ó sì ń pè é ní ọ̀gá.

Àlàyé tí a sábà máa ń ṣe lórí eré yìí kò ṣòro. A ní òǹkọ̀wé ń fi àwọn wòlíì èké ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń kìlọ̀ fún àwọn òpè kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí a rẹ́ wọn jẹ. Èmi kò sọ pé irọ́ ni èyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò tó, ó sì ń ṣe àwọn kan lóore tí kò tọ́ sí wọn. Bí a bá fi gbogbo ẹ̀bi lé Jero lórí, gbogbo àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ di aláìmọwọ́mẹsẹ̀, àwa tí à ń wòran náà sì di aláìmọwọ́mẹsẹ̀ pẹ̀lú wọn. Eré náà kò fún wa ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu Jero fúnra rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò. Ó sọ fún wa láìfi bò pé òun a máa dúró ní òwúrọ̀ bí oníṣọ́ọ̀bù tí ń retí àwọn oníbàárà. Ó tún sọ pé ara kò tù wọ́n, àti pé òun ni kò jẹ́ kí ara tù wọ́n, nítorí ẹni tí ó bá ti yó kì í padà wá. Ìdí nìyí tí ó fi kọ̀ kí Chume na ìyàwó rẹ̀: kì í ṣe pé àánú obìnrin náà ṣe é, bí kò ṣe pé ọjọ́ tí Chume bá rí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ gbà ni yóò di olúwa ara rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe owó ọwọ́ àwọn ènìyàn nìkan ni Jero ń lépa. Ìpadàbọ̀ wọn lójoojúmọ́ ni ọjà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oníṣọ́ọ̀bù kì í dá ọjà ná. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà tí ó fẹ́ rà. Ibi tí a ti rí ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí fẹ́ rà gbangba ni ibi tí Chume ti ṣáájú wọn nínú àdúrà. Jero kò sí níbẹ̀ ní wákàtí náà. Ó ti sáré tẹ̀lé obìnrin kan tí ń lé ọmọ onílù kiri etíkun. Ìjọ ṣẹ́ ku Chume, Chume sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì gbàdúrà. Ó bẹ Ọlọ́run kí aya má ṣe yọ ọkọ lẹ́nu, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún owó tí yóò tó ilé gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ: kí ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé lónìí di olórí akọ̀wé lọ́la, kí mẹ́sẹ́njà di òṣìṣẹ́ àgbà, kí aláte di kọngílá ńlá, kí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ní kẹ̀kẹ́, kí ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ sì gun mọ́tò ara rẹ̀. Ìjọ ń ṣe àmín, ara wọn sì gbóná bí kò ti gbóná nígbà tí wòlíì wà láàárín wọn.

Ẹ wo bí òǹkọ̀wé náà ti ṣe é. Wòlíì kúrò lójú agbo, ìsìn kò sì dúró. Ṣe ni ó tún lágbára sí i. Bí ó bá jẹ́ pé Jero nìkan ni ó ń tan wọ́n, ìbá yẹ kí ìtànjẹ náà dín kù nígbà tí atannijẹ kò sí nílé. Ohun tí a rí ni pé àdúrà náà ti wà lọ́kàn wọn. Ẹnu ni wọ́n ń wá. N kò bá wọn wí pé wọ́n tọrọ owó. Ẹni tí ebi ń pa kò ṣẹ̀ bí ó bá tọrọ oúnjẹ, àdúrà tí Jésù kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbàgbé oúnjẹ òòjọ́. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ wá lóminú ni pé kò sí ìtẹ̀síwájú kankan nínú gbogbo àdúrà náà bí kò ṣe ti oyè àti ti ọkọ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ tí yóò di olóòótọ́ lọ́la. Kò sí ẹni tí yóò san gbèsè. Kò sì sí ẹni tí yóò fún ọmọnìkejì rẹ̀ ní ohunkóhun nígbà tí ó bá di olórí akọ̀wé tán.

Gbèsè náà tó ohun tí a ń dúró lé lórí. Àmọ̀pé kì í ṣe obìnrin tí ó tutù. Ẹnu rẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sinmi. Síbẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí ó wà nínú eré yìí, òun nìkan ni ó ń pe owó ní owó. Ó tajà láwìn, ó fẹ́ gba owó rẹ̀, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè láti òwúrọ̀. Ẹni tí ń fi orúkọ Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni ó gba ojú fèrèsé sá lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ọ̀nà tí Jero dí mọ́ ara rẹ̀ ju ọ̀nà àwìn lọ. Lánàá, ìfẹ́ Ọlọ́run ni pé kí Chume má ṣe fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀; lónìí tí a mọ̀ pé ìyàwó náà ni olówó wòlíì, ìfẹ́ Ọlọ́run ti yí padà. Owó ẹ̀wù kan ni ó yí i padà. Kò sí ibòmíràn nínú eré náà tí a ti rí i kedere tó báyìí pé ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà bá owó lò ni ó ń sọ ìwọ̀n tí ó gba Ọlọ́run gbọ́ mọ.

Àwọn kan yóò sọ pé a mọ ibi tí àìsàn yìí ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n ní Yorùbá ti ń rúbọ kí ìhìnrere tó dé. Pé ẹni tí ń rúbọ ń fún òrìṣà ní ewúrẹ́ kí òrìṣà lè fún un ní ọmọ. Àti pé àṣà àtijọ́ yìí kan náà ni a wọ̀ ní aṣọ funfun ní etíkun. Mo ti gbọ́ àlàyé yìí lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé, n kò sì gbà á. Èkíní, Símónì oṣó tí ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì sọ ìtàn rẹ̀, tí ó fẹ́ fi owó ra ẹ̀bùn Ẹ̀mí Mímọ́ lọ́wọ́ Pétérù, ará Samáríà ni. Kò gbé ilẹ̀ wa rí. Àwọn tí wọ́n ń ta ìwé ìdáríjì ní Jámánì, tí Martin Luther fi bínú kọ̀wé ní 1517, kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ babaláwo, owó náà sì ń lọ sí kíkọ́ ilé Ọlọ́run ní Róòmù. Níbikíbi tí ìgbàgbọ́ bá ti pàdé owó ni ìdánwò yìí ti ń yọjú.

Èkejì, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ẹbọ dáadáa. A máa ń dárúkọ ohun tí a ó fi rúbọ. Bí a bá sì rú u tán, ó tán. Babaláwo kì í sọ pé ara oníbéèrè kò gbọdọ̀ tù ú láéláé kí ó lè máa padà wá. Púpọ̀ nínú ohun tí a fi ń rúbọ ni ó jẹ́ oúnjẹ, àwọn ará ilé àti aládùúgbò a sì máa jẹ nínú rẹ̀. Bí a bá ṣe sàráà, àwọn ọmọ àdúgbò ni wọn yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ìrètí èrè wà nínú ẹbọ, a kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn a máa yó níbẹ̀. Nínú àdúrà Chume, kò sí ẹlòmíràn tí ó yó. Kí a tó sọ pé ẹbọ ni ó ba ọrẹ jẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá ọrẹ wa ti tó ẹbọ.

Bákan náà ni kò tọ́ kí a ka eré yìí bí ẹni pé ìdájọ́ lórí ìjọ Aládùúrà ni. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n kó ara wọn jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti máa gbàdúrà. Nígbà ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Iléṣà ní 1930, àìsàn àti ìbẹ̀rù ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn gbé wá síbẹ̀. Wọ́n ń wá ohun tí wọn kò rí nínú àwọn ìjọ àgbà. Ó yẹ kí àwọn ìjọ àgbà náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti jáde wá, bi ara wọn ní ohun tí àwọn ènìyàn ń bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà tiwọn.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń bá pàdé ni owó kíláàsì. Ìtàn owó yìí yẹ ní mímọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wesley ń gbìmọ̀ bí wọn yóò ti san gbèsè ilé ìpàdé wọn. Ẹnì kan tí à ń pè ní Ọ̀gákọ̀ Foy dábàá pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀ títí gbèsè náà yóò fi tán. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn tálákà inú wọn kò ní lè san án. Ó ní kí wọ́n fi mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tálákà jù sí abẹ́ òun. Òun yóò máa bẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Èyí tí ó bá rí i san, kí ó san. Èyí tí kò bá rí i san, òun yóò san án mọ́ tòun. Ibẹ̀ ni kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1842, ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Kò sì pẹ́ tí kíláàsì fi di àṣà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ti C.M.S. ní ilẹ̀ wa.

Ẹ wo ohun tí a sọ ọ́ dà. Ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan tí ó ní òun yóò san ti tálákà ti di ìwé tí a ń wo orúkọ tálákà nínú rẹ̀ kí a tó mọ̀ bóyá a ó sìnkú rẹ̀. Kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni pé àwọn ọmọ olóògbé ń sáré wá owó kíláàsì ọdún púpọ̀ kí àlùfáà tó gbà láti jáde lọ sí ibojì. Àwọn olórí ìjọ yóò dáhùn pé bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò san. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ti jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ni ó ń mú owó náà wá, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Jero ń fi ìrètí di oníbàárà rẹ̀ mú. Àwa ń fi ibojì di tiwa mú. Ta ni ó sàn jù?

Èdè wa pàápàá ń bá wa ṣe ẹjọ́. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa owó tí wọ́n ń kó jọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà, charis, ni ó lò fún owó náà àti fún ojúrere Ọlọ́run sí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá onígbàgbọ́ ń lò fún irú ojúrere bẹ́ẹ̀ ni oore-ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò lè fara pa mọ́: oore ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tí ó bá ti pe Ọlọ́run ní olóore ọ̀fẹ́ kò tún lè gbé owó wá bá a bí ẹni tí ó fẹ́ dúnàádúrà. Ohun tí ó kù fún un ni láti fún ẹlòmíràn bí a ti fún òun. Àwọn baba wa mọ èyí nígbà tí wọ́n sọ pé ẹni tí ó ṣe oore tí ó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ẹni tí ó gbin owó sínú àpótí, tí ó sì ń ka ọjọ́ tí yóò so, ó ti lóṣòó ti oore rẹ̀.

Àwọn oníwàásù yóò mú opó aláìní inú ìwé Máàkù wá, ẹni tí ó fi owó idẹ kékeré méjì, gbogbo ohun tí ó ní, sínú àpótí ìṣúra. Wọ́n ń lò ó láti fi béèrè owó sí i. Kí wọ́n padà ka orí kejìlá náà láti òkè. Kí opó tó dé, Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àwọn akọ̀wé wí tán pé wọ́n ń jẹ ilé àwọn opó run, tí wọ́n sì ń gbàdúrà gígùn fún àṣehàn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni opó kan wọlé pẹ̀lú ohun tí ó ṣẹ́ kù ní ilé rẹ̀. Jésù yin obìnrin náà. Kò yin àwọn tí àpótí náà wà lábẹ́ àṣẹ wọn. Ẹni tí ó bá yọ ìtàn opó kúrò lára ìtàn àwọn akọ̀wé ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé.

Ìtàn opó yìí fi ohun tí ó kù nínú eré Ṣóyínká hàn wá. Etíkun Jero kún fún àwọn tí ń rà àti ẹni tí ń tà, ṣùgbọ́n kò sí olùfúnni kan ṣoṣo níbẹ̀. A rí ìgbàgbọ́ tí owó ti jẹ run. A kò rí èyí tí owó bá pàdé tí kò sì jẹ run. Nítorí náà, ẹ̀rín wa rọrùn jù. Ẹni tí ó gba ẹ̀kọ́ lè jókòó sí gbọ̀ngàn yunifásítì, kí ó rẹ́rìn-ín mẹ́sẹ́njà tí ń tọrọ mọ́tò, láìrántí pé òun ti ní mọ́tò tirẹ̀. Òǹkọ̀wé náà tọ́ dàgbà ní ọgbà ìjọ Áńgílíkà ní Aké, ó mọ ìjọ àgbà láti inú ilé wá. A ì bá fẹ́ kí ó gbé ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà Jero wá láti ibẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó mú aṣòfin wá, nítorí aṣòfin kì í ṣe òpè. Kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wòlíì rárá títí wòlíì fi sọ pé òun rí i lójú ìran bí mínísítà. Lẹ́sẹ̀kan náà ni ó di onígbàgbọ́. Ibẹ̀ ni eré náà ti fọwọ́ kan àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó ṣeni láàánú pé kò pẹ́ níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń fi ìwé yìí kọ́ ọmọ sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé irú ènìyàn wo ni Jero. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro: ó jẹ́ ẹlẹ́tàn. Kí wọ́n tún béèrè ohun tí Chume rò pé òun ń rà, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ náà to àdúrà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúrà tí à ń gbà nínú ìjọ tiwọn ní òru ọdún tuntun. Kí wọ́n béèrè pẹ̀lú ìdí tí ó fi jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wòlíì láti gba ohun tí í ṣe tirẹ̀ kò gbà á títí eré náà fi parí.